Alágbàjù Ọlọ́wọ́ Òsì: Ọ̀nà Tí A Lè Gbà Ròyìn Béésíbọ́ọ̀lù ní Yorùbá

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Tanner Scott tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ọdún mẹ́rin pẹ̀lú ikọ̀ Los Angeles Dodgers. Owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 72 dọ́là. Inú àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ náà dùn, wọn kò sì gbàgbé ohun tí ojú wọn rí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Nígbà náà, San Diego Padres ni Scott ń bá ṣeré. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó kojú Shohei Ohtani, gbajúmọ̀ Dodgers, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ikọ̀ méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Ohtani sì padà lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti wá di tiwọn.

Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá fún ará Ìbẹfun tàbí Ìjẹ̀bú-Òde yóò kọ́kọ́ dúró níbì kan: kí ni a ó máa pe iṣẹ́ Scott? Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò fún wa ní irú ìyọnu yìí mọ́. Aṣọ́lé, atamátàsé, akọ́nimọ̀ọ́gbá, balógun ikọ̀: àwọn oníròyìn ló ń lò wọ́n títí tí wọ́n fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo wa. Béésíbọ́ọ̀lù kò tíì rí irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eré náà kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò. Wọ́n ṣe é ní Àbújá ní ọdún 2003, nígbà Ìdíje Gbogbo Áfíríkà. Demi Orimoloye, tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tó sì dàgbà ní Kánádà, wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí Milwaukee Brewers yàn ní ọdún 2015. Èrò mi ni pé Yorùbá ní gbogbo ohun tó yẹ láti fi sọ eré yìí, bí a bá kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí a tó wo orúkọ tí Òyìnbó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí pápá. Ẹnì kan dúró lórí òkìtì, ó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹnì kejì tó wà ní nǹkan bíi mítà 18 sí i. “Asọ̀kò” lè kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀kò ń wá ẹni tí yóò ṣe léṣe. “Ajubọ́ọ̀lù” ló bá a mu. Ẹni tó dúró pẹ̀lú igi jẹ́ “oníkùmọ̀”. A kò lè pè é ní agbábọ́ọ̀lù, nítorí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò ti gba orúkọ yẹn. Ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn oníkùmọ̀ láti gba bọ́ọ̀lù ńkọ́? “Agbàbọ́ọ̀lù” tọ̀nà ní ìtumọ̀, àmọ́ àmì ohùn kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ sí agbábọ́ọ̀lù, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kì í sì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. “Amúbọ́ọ̀lù” kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú.

Ní ti Scott fúnra rẹ̀, kì í ṣe òun ló ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ìpele mẹ́sàn-án ni eré béésíbọ́ọ̀lù ní. Nígbà tí apá ajubọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bá ti rọ, ni a ó ránṣẹ́ sí irú Scott. “Arọ́pò” tí a ń lò nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kò gbé e, nítorí arọ́pò lè bẹ̀rẹ̀ eré lọ́la, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Scott yàn láàyò ni kí ó gba eré lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èdè wa sì ti ní ọ̀nà tó ń gbà sọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé. Ẹni tó ń gba aṣọ fọ̀ ni alágbàfọ̀. Ẹni tó gba ọmọ tọ́ ni alágbàtọ́. Ẹni tó ń gba ẹjọ́ rò ní kóòtù ni alágbàwí. Ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù jù, alágbàjù ni. Èyí tí a fi pamọ́ de ìpele ìkẹyìn, kí ó lè fi òpin sí eré, a lè pè é ní alágbàparí.

Ibi tí ìtumọ̀ olówuuru ti lè ṣini lọ́nà pọ̀. Orúkọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún ibi tí àwọn alágbàjù ń dúró sí jọ orúkọ ọgbà akọ màlúù. “Ibùdó alágbàjù” ti tó wa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe kí ènìyàn tọ́jú owó àti kí ó gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ ewu, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe iṣẹ́ alágbàparí tí kò jẹ́ kí ayò bọ́ mọ́ ikọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí a bá pe èyí ní “ìpamọ́”, a ti ṣìnà, “ìdóòlà” ni. Bákan náà, ó ti mọ́ wa lára láti máa sọ pé ikọ̀ kan “ra” agbábọ́ọ̀lù. Ẹnikẹ́ni kò ta Scott. Àdéhùn rẹ̀ àtijọ́ ti parí, ó sì yan ibi tó wù ú. Ó tọwọ́ bọ̀wé ni.

Ó wá ku ọwọ́ òsì, nítorí òun ni Scott fi ń ju bọ́ọ̀lù. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá ti ọwọ́ òsì wá, oníkùmọ̀ tí òun náà ń lo ọwọ́ òsì kì í tètè rí i, nítorí ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ ló dà bíi pé ó ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ajubọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì fi ń pẹ́ nídìí eré. Jesse Orosco, ọlọ́wọ́ òsì, jáde ní ìgbà 1,252 láàárín ọdún 1979 sí 2003. Kò sí ajubọ́ọ̀lù kankan nínú líìgì àgbà Amẹ́ríkà tó jáde tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè ní kí a fi “òsì” bò, nítorí a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mi ò fara mọ́ ọn. Òsì Balógun jẹ́ oyè ńlá nílẹ̀ Ìbàdàn, ọwọ́ òsì sì ni àwọn Òṣùgbó fi ń kí ara wọn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ohun tó yẹ kí a ṣọ́ ni àmì abẹ́ lẹ́tà: òsì kì í ṣe òṣì. Akọ̀wé tó bá fi àmì yẹn síbi tí kò yẹ ti sọ olówó di tálákà.

Pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, a lè parí ìtàn Scott láìyá ohunkóhun lọ́wọ́ Òyìnbó. Ayọ̀ àwọn olólùfẹ́ Dodgers kò tọ́jọ́. Láàárín ọdún 2025, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni ìdóòlà bọ́ mọ́ Scott lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé owó gọbọi ti wọgbó. Àwọn mìíràn ní kí a ṣe sùúrù, pé òfin ọdún 2020, tó ní kí ajubọ́ọ̀lù kojú oníkùmọ̀ mẹ́ta ó kéré tán kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀, àyàfi tí ìpele bá parí tàbí tí ó bá farapa, kò jẹ́ kí ọlọ́wọ́ òsì lè wá kojú ẹnì kan ṣoṣo kí ó sì máa lọ mọ́. Síbẹ̀, Dodgers ló gba ife ẹ̀yẹ ọdún náà.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ní ọdún 1984, ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ rí ọ̀nà gbà nílé ẹ̀kọ́. Eré ìdárayá náà tọ́ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin oníròyìn orí rédíò, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń ju bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà: ẹ gba alágbàjù lò. Bí ẹ bá rí èyí tó dára jù ú lọ, ẹ mú un wá.