Phone Swap: Àjèjì Méjì Nílé Ara Wọn

Nínú dánfó tó ń ti Ìkòtún lọ sí Ọ̀ṣòdì, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ Owerri àti ọmọ Ẹdó lè jókòó lórí àga kan náà, kí wọ́n fún mọ́ra títí, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láìmọ orúkọ ara wọn. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Irú àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀ ni Kúnlé Afọláyan fi ṣe fíìmù Phone Swap, tó jáde lọ́dún 2012.

Kẹ́mi Adéṣọkàn kọ́ o, Kẹ́mi Adéṣọyè ló kọ ìtàn náà. Ní pápákọ̀ òfurufú Èkó, Akin, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ le, forí gbárí pẹ̀lú Mary, aránṣọ ọmọ Ìgbò. Fóònù wọn jọra, wọ́n gbé ti ara wọn. Àṣìṣe yìí ló gbé Akin, tó yẹ kó lọ sí Àbújá, dé Owerri, tó sì gbé Mary, tó ń lọ sí Owerri, dé Àbújá. Wọ́n bá gbà láti ṣojú fún ara wọn: Mary wọ̀ sílé ìyá Akin, ó sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olówò, Akin wọ̀ sílé bàbá Mary.

Wálé Òjò àti Nse Ikpe-Etim ni àwọn méjèèjì. Joke Silva ni ìyá, Chika Okpala, Zebrudaya tí gbogbo ayé mọ̀, sì ni bàbá. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn arìnrìn-àjò méjì yìí kò jọ rìn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ilé òbí ara wọn ni wọ́n sì ti mọ ara wọn. Ìtàn náà rọ̀ díẹ̀ jù, ṣùgbọ́n apanilẹ́rìn-ín ni.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun ní ìdílé Kúnlé. Bàbá rẹ̀, Adé Love, ni olú-òṣèré Àjàní Ògún, fíìmù Yorùbá tí Ọlá Balógun darí lọ́dún 1976. Aba, nílẹ̀ Ìgbò, ni wọ́n bí Balógun sí lọ́dún 1945, ọmọ Yorùbá sì ni. Kó tó ṣe Àjàní Ògún ló ti ṣe Amadi, fíìmù àkọ́kọ́ lédè Ìgbò, lọ́dún 1975. Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Ọdún márùn-ún péré! Lẹ́yìn náà, Adé Love àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń di ẹ̀rọ àfihàn sínú ọkọ̀, wọ́n ń gbé fíìmù láti ìlú dé ìlú.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, ẹgbẹ́ Labour fi ìbò tí kò tó 10,000 borí APC ní Èkó nínú ìdìbò ààrẹ. Nígbà tí ìdìbò gómìnà dé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, wọ́n lé àwọn kan kúrò ní ibùdó ìdìbò nítorí pé ojú tàbí orúkọ wọn jọ ti Ìgbò. Àwọn mìíràn tí wọ́n lé kì í tilẹ̀ ṣe Ìgbò.

Nínú fíìmù, àárín ìpàdé ẹbí ni Akin jókòó sí ní Owerri, ọmọ Yorùbá tí wọn kò rí rí, ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ọmọbìnrin wọn.