RAID fún àwọn tó ń edit fídíò: bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ to dísìkì yín

Bàbá kan ní Gberefu, ní Àgbádárìgì, jókòó síwájú kámẹ́rà mi fún wákàtí méjì. Ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń kó àwọn ẹrú kọjá omi, tí wọ́n á sì fẹsẹ̀ rìn dé Point of No Return. Bàbá náà ti kú. Fídíò yẹn náà ti lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, torí RAID 0 ni mo yàn nígbà tí mò ń to dísìkì mi.

RAID ni kéèyàn so dísìkì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, kí kọ̀ǹpútà máa rí wọn bí ẹyọ kan. Ọdún 1988 ni David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley fi orúkọ yẹn gbé ìwé ìwádìí wọn jáde.

Kí ló dé tí onífídíò fi nílò ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Fídíò 4K tó jẹ́ ProRes 422 HQ, fírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ń gba nǹkan bíi 92 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà mẹ́ta lẹ fi ya Zangbeto, tẹ́ ẹ sì fẹ́ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó ti di 276 MB. Dísìkì oníyíyí kan ṣoṣo sábà máa ń wà láàárín 150 sí 250, ó sì ń falẹ̀ sí i bó ṣe ń kún. Ìdí nìyẹn tí fídíò fi ń dúró, tó ń fò.

Ká sọ pé dísìkì mẹ́rin lẹ ní, 4TB ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. RAID 0 á fún yín ní gbogbo 16TB, òun ló sì yára jù, torí ó ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, ó ń pín in fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo ẹ̀ ló kú. Dísìkì kan péré ló bàjẹ́ lọ́wọ́ mi o! RAID 5 á fún yín ní 12TB, ẹyọ kan sì lè kú kí iṣẹ́ yín má parẹ́. RAID 6, 8TB. Méjì lè kú. RAID 10 náà, 8TB, àmọ́ ó yára kọ nǹkan sílẹ̀ ju 5 àti 6 lọ. Ẹni tó ní méjì péré, kó lo RAID 1. Lójú tèmi, 5 ló bá ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ mu. Tó bá ti di dísìkì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ẹ bọ́ sí 6, torí pé àtúntò dísìkì ńlá lè gba ọjọ́ kan gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀, òmíràn sì lè kú lásìkò yẹn.

Stripe size ńkọ́? Fáìlì fídíò tóbi, wọ́n sì ń tẹ̀ léra, torí náà ẹ gbé e sí 256KB tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ tan read-ahead.

Write cache gan-an ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Write-back yára, torí ó máa ń sọ pé òun ti kọ ọ́ nígbà tó ṣì wà nínú mẹ́mọ́rì. Tí iná bá lọ lójijì, ohun tó wà níbẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ṣe rí. Tí kò bá sí UPS tàbí bátìrì lára kọntirólà yín, write-through ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fara mọ́ ìfàlẹ̀ ẹ̀.

RAID kì í sì í ṣe bákọ́ọ̀pù. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pa fáìlì rẹ́, ó parẹ́ níbi gbogbo. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etíkun wa náà ń jẹ́ kí irin dógùn-ún, kò sì ní mú dísìkì kan kó fi mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ̀dà kejì tèmi wà nílé àbúrò mi báyìí.

Tẹ́ ẹ bá yí RAID padà, ó sábà máa ń nu gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì. Ẹ kó iṣẹ́ yín kúrò ná, kẹ́ ẹ tò ó, kẹ́ ẹ wá fi Blackmagic Disk Speed Test wọn eré ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.