Àwọn Ọ̀bọ Yaba

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án ní Ifo, Mowe tàbí Ibafo, ìyá rẹ̀ á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé kó lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú mọ́ ti èéyi. Àgbàlagbà tó ń lọ sí Mẹ́kà náà ò lè ṣe kó má gbà á, nítorí yẹ́lò káàdì. Ìtàn abẹ́rẹ́ yìí gba Yaba kọjá, Yaba tí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Ifo bọ̀ ń gbà wọ Èkó láti ayé òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ọ̀bọ ló sì bá a lọ.

Lọ́dún 1925 ni àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí ibà pọ́njú sílẹ̀ ní Yaba, Dókítà Henry Beeuwkes sì ni olórí wọn. Ohun tó kọ́kọ́ mú wọn lómi ni pé wọn ò rí ẹranko tí àìsàn náà ń dá dùbúlẹ̀. Ẹmọ́ òyìnbó ò kó o. Àwọn ọ̀bọ inú igbó tiwa ń kó o, àmọ́ kì í dá wọn dùbúlẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí òun àti wọn ti jọ ń gbé. Ìgbà tí wọ́n ra ọ̀bọ ilẹ̀ Íńdíà wá ni ọ̀nà tó là.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Asibi, ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan ní Kpeve, ní Gold Coast tó di Gánà lónìí. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ Íńdíà kan. Asibi gbádùn, ọ̀bọ kú. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson wá ń gbé àìsàn náà láti ara ọ̀bọ kan sí òmíràn, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀fọn náà gbé e. Wọ́n fi asẹ́ tí bakitéríà ò lè gbà kọjá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, síbẹ̀ omi tó jò sílẹ̀ ṣì ń ran ọ̀bọ. Fáírọ́ọ̀sì ni.

Ní oṣù kẹsàn-án, àìsàn kọlu Stokes fúnra rẹ̀ ní Èkó. Orí ibùsùn ló wà tó fi ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun sára ọ̀bọ, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn jẹ òun, bí òun bá sì kú, kí wọ́n la òkú òun wò. Ó kú ní ọjọ́ 19 oṣù náà. Hideyo Noguchi, ará Japan tó ti ń sọ fún ọdún pípẹ́ pé bakitéríà ló ń fa ibà yìí, wá sí Accra láti gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun náà kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1928. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí William Young, tó la òkú rẹ̀ wò, náà kú.

Fáírọ́ọ̀sì tó ti ara Asibi wá ni Max Theiler tọ́jú ní New York, nínú ẹran ara ọmọ adìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin, títí agbára rẹ̀ fi rọ̀. Lọ́dún 1937 ó di 17D, abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń lò dòní. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1951. Orúkọ Asibi di orúkọ fáírọ́ọ̀sì. Àwọn ọ̀bọ kò ní ju nọ́ńbà lọ. Ó yẹ kí ọmọ ilé ìwé mọ orúkọ Asibi bó ṣe mọ ti Theiler.

Ọ̀bọ ò tán ní Yaba. Lọ́dún 1957, kókó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú àti lọ́wọ́ àwọn ọ̀bọ Íńdíà tí wọ́n ń tọ́jú níta gbangba níbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tuntun ló fà á, orúkọ Yaba sì ni wọ́n fi ń pè é nínú ìwé ìṣègùn káàkiri ayé.

      

Ilé iṣẹ́ ìjọba ní Yaba ṣe abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fún Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dáwọ́ dúró lọ́dún 1991, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí ibà náà jà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni igò abẹ́rẹ́ ti ń wá.