Ìwọ́de, Fóònù àti Òfin ní Ìlú Accra

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tó ti jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì wọ́de ní Accra láti mú ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá gómìnà nínú ilé olódi tó wà ní Osu. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n, mẹ́ta sì kú. Láti ìgbà náà, ìjọba tó bá wà lórí oyè, ìbáà ṣe ti òyìnbó tàbí ti adúláwọ̀, a máa fẹ́ mọ ibi tí ìwọ́de yóò gbà kí ó tó gbéra. Òfin ọdún 1994 ní kí a fi tó ọlọ́pàá létí ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Ìfitónilétí ni, kì í ṣe ìtọrọ àyè.

Nígbà tí ìpè sí ìwọ́de bọ́ sórí Facebook àti Twitter, ọ̀rọ̀ yára ju ẹsẹ̀ ọlọ́pàá lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọ̀wọ́n ọjà, àìríṣẹ́ṣe àti iná mànàmáná tó ń kú mú kí àwọn ọ̀dọ́ máa kọ #FixTheCountry, èyí ni pé, ẹ tún ìlú ṣe. Ọjọ́ 9 oṣù náà ni wọ́n dá. Ọlọ́pàá sáré lọ gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu wọn. Àrùn Kòrónà ni wọ́n tọ́ka sí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé àṣẹ náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, ogunlọ́gọ̀ tó wọ aṣọ pupa àti dúdú tú jáde sí ìgboro.

Ṣùgbọ́n etí tí kì í hàn ṣòro láti pè lẹ́jọ́. Ṣáájú ìdìbò ọdún 2016, àwọn òṣìṣẹ́ àgbà nínú àjọ tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́ fóònù ra Pegasus lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ NSO ti Ísírẹ́lì, ohun èlò tí ń yọ́ wọ inú fóònù ẹni. Ní ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ kan ní Accra rán ènìyàn mẹ́ta lẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé owó ìlú tó ṣòfò ni ẹjọ́ náà dá lé, kì í ṣe àṣírí ará ìlú.

Bẹ́ẹ̀, òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni ènìyàn ti wà láti ọdún 2012. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Akufo-Addo pàṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù kó ìsọfúnni oníbàárà wọn sílẹ̀, kí a lè fi tọpa àrùn. Agbẹjọ́rò kan ṣoṣo ló pẹjọ́ takò ó. Ní ọdún 2021 ni a dá a láre.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìwọ́de mìíràn dojú kọ Jubilee House, ilé ààrẹ, tí àwọn ọ̀dọ́ ti sọ di Julorbi House. Ní èdè Gã, ọmọ olè ni julorbi. Ọlọ́pàá kó ènìyàn 49. Àwòrán wọn tàn ká orí ẹ̀rọ ayélujára, èrò sì tún jáde ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta.