Àlàyé: Kí ló yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irin gbígbé máa jẹ?

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù, tàbí tí ẹ̀ ń gbé irin tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ní ẹ̀yìnkùlé yín, kò ní pẹ́ tí fídíò nípa oúnjẹ yóò fi kún ojú fóònù yín. Àwọn kan á ní kí ẹ máa mu ẹyin tútù láàárọ̀. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀bà kò lè ní iṣan láéláé. Àwọn kan sì ń ta oògùn tí wọ́n ní yóò mú yín sanra kíákíá. Àlàyé yìí yóò jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn, èyí tó kàn ń náni lówó, àti èyí tó lè ṣe yín ní jàǹbá.

Báwo ni oúnjẹ ṣe ń di iṣan?

Irin gbígbé ló ń mú kí ara fi kún iṣan, ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ni ara ti ń rí ohun tí yóò fi kọ́ ọ. Èròjà amúaradàgbà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí purotéènì, ni ohun ìkọ́lé náà. Oúnjẹ afúnnilókun bí ìrẹsì, iṣu, gàrí, tuwo àti búrẹ́dì ló ń fún yín lágbára láti gbé irin ọ̀hún. Bí ẹ kò bá jẹun tó, ara lè máa fi purotéènì tó yẹ kó fi kọ́ iṣan ṣe agbára.

Èló ni purotéènì tó tó?

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé gíráàmù 0.83 fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara ló tó àgbàlagbà lójúmọ́. Ẹni tó ń gbé irin nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2018, ìwé ìròyìn British Journal of Sports Medicine gbé àgbéyẹ̀wò ìwádìí 49 jáde, èyí tí ènìyàn 1,863 kópa nínú rẹ̀. Ó fi hàn pé tí purotéènì bá ti tó nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kan, àfikún kò fi bẹ́ẹ̀ mú iṣan pọ̀ sí i mọ́.

Ẹ sọ ìwọ̀n ara yín di ìlọ́po 1.6. Ẹni tó wọn kílò 70 yóò nílò nǹkan bíi gíráàmù 112 lójúmọ́. Ọjà àdúgbò yín ni ẹ ti lè rí i:

- Ẹyin 3: gíráàmù 18
- Ẹ̀wà sísè, gíráàmù 300: nǹkan bíi 24
- Adìẹ sísè, gíráàmù 100: nǹkan bíi 27
- Ẹja, gíráàmù 100: nǹkan bíi 20
- Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ 2: nǹkan bíi 14

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 103. Ìrẹsì, búrẹ́dì àti ẹ̀gúsí tí ẹ bá jẹ pẹ̀lú wọn yóò dí èyí tó kù. Bí ẹran bá wọ́n, ẹ fi mọ́ínmọ́ín, àwárà, ọkpa tàbí edé gbígbẹ rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń tàn kálẹ̀

“Ẹyin tútù ló dára jù.” Irọ́ ni. Ìwádìí kan tó jáde nínú Journal of Nutrition lọ́dún 1998 fi hàn pé nǹkan bíi ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún purotéènì inú ẹyin sísè ni ara ń rí lò, ṣùgbọ́n ti ẹyin tútù kò ju nǹkan bíi 51 lọ. Kòkòrò Salmonella sì lè wà nínú ẹyin tútù.

“Ẹ̀bà kì í jẹ́ kéèyàn ní iṣan.” Ọ̀rọ̀ yìí ń ṣini lọ́nà. Gàrí ń fúnni lágbára, àmọ́ purotéènì inú rẹ̀ kéré gan-an. Òkè ẹ̀bà pẹ̀lú ẹja tíńtín kan ni ìṣòro náà. Ẹ dín òkèlè kù díẹ̀, kí ẹ sì fi kún ohun tó wà nínú ọbẹ̀.

“Ẹ gbọ́dọ̀ mu purotéènì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.” Kò pọn dandan. Àpapọ̀ ohun tí ẹ jẹ lójúmọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin.

“Láìsí purotéènì alágolo, asán ni.” Irọ́ ni. Oúnjẹ tí wọ́n sọ di ìyẹ̀fun ni. Ó wúlò fún ẹni tí kò ráyè jẹun, ṣùgbọ́n oúnjẹ gidi lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára agolo.

“Oògùn yìí yóò mú yín sanra kíákíá.” Ewu ńlá ni. Méjì tí wọ́n sábà máa ń lò ni cyproheptadine àti dexamethasone. Oògùn ara yíyún ni ti àkọ́kọ́. Ebi àti oorun ló ń fà, kì í kọ́ iṣan. Lọ́dún 2021, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà kìlọ̀ fáwọn aráàlú nípa Apetamin, tí cyproheptadine wà nínú rẹ̀. Dexamethasone ló burú jù. Omi àti ọ̀rá ló ń mú kí ojú àti ikùn wú, nígbà tó jẹ́ pé lílò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ń jẹ iṣan àti egungun. Ó tún lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Bí ẹ bá ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ má ṣàdédé dá a dúró, nítorí èyí náà léwu. Ẹ lọ rí dókítà.

Àkótán

Kò sí oògùn tó lè rọ́pò oúnjẹ, irin gbígbé àti oorun tó péye. Ẹ jẹun yó, ẹ jẹ́ kí purotéènì wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní sùúrù; ọ̀pọ̀ oṣù ni iṣan fi ń dàgbà. Bí ẹ bá ní àìsàn kíndìnrín tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi kún purotéènì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi ìpolówó oògùn amúnisanra ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ má ṣe pín in. Àlàyé yìí ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí i.