Owó Orí Àlejò ní Bahia

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń kọjá ní Pópó Àgùdà ní Èkó ni ó mọ̀ pé láti ilẹ̀ Bràsíìlì ni àwọn baba àdúgbò náà ti dé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó bèèrè ohun tí ó mú wọn kúrò níbẹ̀. Ìfẹ́ ilé wà nínú rẹ̀, àwa kò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òfin àti owó orí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹrú ni a kó wọn lọ sí Bahia, níbi tí a ti ń pe Yorùbá ní Nàgó. Púpọ̀ nínú wọn fi òógùn ojú wọn ra ara wọn padà. Òfin ńlá ilẹ̀ Bràsíìlì ti ọdún 1824 ka ẹni òmìnira sí ọmọ ìlú, bí a bá bí i níbẹ̀. Ẹni tí a bí ní Áfríkà kò sí nínú rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ lo ogójì ọdún, àlejò ni, àlejò tí kò sì ní kọ́ńsúlù tí yóò gbẹnu sọ fún un. Nínú ilé kan náà, ìyá a máa jẹ́ àjèjì, ọmọ a sì máa jẹ́ onílé.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kínní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí, tí Nàgó pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun ní ìlú Salvador, a sì ṣẹ́gun wọn. Ìyà náà kò mọ sí orí àwọn tí ó jà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, ìgbìmọ̀ aṣòfin Bahia pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni òmìnira tí a bí ní Áfríkà, ọkùnrin àti obìnrin, máa san mil-réis 10 lọ́dọọdún. Wọn kò gbọdọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀. Ẹni tí yóò bá fi ilé háyà fún wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Ẹni tí ó bá tú àṣírí ọ̀tẹ̀ ni a ó yọ̀ǹda owó náà fún. Ẹ wo irú oore bẹ́ẹ̀! Mil-réis 10 kì í ṣe owó kékeré fún obìnrin tí ń kiri àkàrà. Síbẹ̀ àwa rò pé ọ̀ràn ilé ni ó dùn wọ́n jù, nítorí kí ni Yorùbá tí kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ yóò pe ara rẹ̀? Àwọn mìíràn fi orúkọ ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ra ilé.

Ní 1857, ìgbìmọ̀ ìlú Salvador tún pàṣẹ pé kí aláàárù gbogbo kọ orúkọ sílẹ̀, kí ó sanwó, kí ó sì so àwo irin tí a kọ nọ́ńbà sí mọ́ ọrùn. Ní oṣù Kẹfà, àwọn aláàárù, tí Nàgó pọ̀ nínú wọn, jọ dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ohun tí ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, kò sì sí ẹni tí yóò ru ẹrù. Ìgbìmọ̀ mú owó náà kúrò. Àwo irin ni kò mú kúrò, ó sì ní kí ẹni òmìnira wá onígbọ̀wọ́.

Láti 1835 lọ ni ọ̀pọ̀ ti ń gba ìwé ìrìnnà, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ padà, àwọn kan sí etíkun Dàhómì, àwọn mìíràn sí Èkó. Ọba Dòsùnmú, tí ó jọba ní 1853, fún àwọn Àgùdà ní ilẹ̀ pẹ̀lú ìwé, gẹ́gẹ́ bí ó ti fún àwọn Sàró, kí Èkó tó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861. Orúkọ àwọn tìkára wọn ni a kọ sí orí ìwé náà. Àwọn Ìdẹ́jọ, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀, kò fi gbogbo ọkàn gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ sì pọ̀ ní Èkó láti ìgbà náà.