Bí Alántakùn Ṣe Kúrò Lẹ́gbẹ́ Kòkòrò
Ní ọdún 1758, Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Sweden, pín gbogbo ẹranko sí ọ̀wọ́ mẹ́fà. Mẹ́rin ni ó fi fún àwọn tí ó ní eegun ẹ̀yìn. Gbogbo ìyókù ni ó kó sínú méjì péré. Akàn àti alántakùn di kòkòrò. Ìgbín di aràn.

Ní 1793, Ilé Àkójọ Ẹ̀dá ní Paris fi ìyókù wọ̀nyí lé Jean-Baptiste Lamarck lọ́wọ́, onímọ̀ ewéko tí ó ti ń súnmọ́ ẹni àádọ́ta ọdún. Kò fi ojú kékeré wò wọ́n. Ó wo bí wọ́n ti ń mí àti bí inú wọn ti rí. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1801, ọ̀wọ́ méjì ti di méje: akàn, alántakùn àti ìgbín ti ní ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ ilé-ìwé bá pe alántakùn ní kòkòrò, kí olùkọ́ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bẹ́ẹ̀ ni Linnaeus náà pè é. Kí ó ní kí ọmọ náà ka ẹsẹ̀: mẹ́jọ ni ti alántakùn, mẹ́fà ni ti kòkòrò.